Bí mo ṣe sọ àwọn ènìyàn inú ìtàn àròsọ mi lórúkọ

Ilé kan ní Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà, ni ìtàn àròsọ tí mo kọ dá lé lórí, láti ayé òyìnbó títí di 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, mo kọ́kọ́ kọ ọdún tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ̀sìn tí ilé ń ṣe nígbà náà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ìkómọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ọmọ babaláwo ni bàbá àgbà, torí náà Fábùnmi ló ń jẹ́. Ní 1908 ni míṣọ́nnárì Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọmọ Fábùnmi lọ di ọmọ ìjọ, ó sì di Olúbùnmi. Orúkọ méjèèjì yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí wọ́n sọ ohun tó dé bá ilé náà kí n tó la ẹnu.

Nígbà mìíràn, ìtàn náà kì í gba orúkọ tí mo fẹ́. Mo fẹ́ kí àkọ́bí Olúbùnmi jẹ́ Babátúndé, ṣùgbọ́n Fábùnmi ṣì wà láyé, ó ń jà sí ilẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo fún ní orúkọ yẹn. Mo yọ Ìdòwú kúrò pátápátá, torí kò sí ìbejì tó ṣáájú rẹ̀.

Ìjíròrò ló gba àkókò mi jù. Àgbà kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó kéré sí i. Nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ wọlé ọkọ, Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é. Òun náà kò gbọdọ̀ dárúkọ àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Akọ̀wé ló ń pe ọ̀kan, Adúmáadán ló ń pe èkejì. Ọjọ́ tó bí Ṣọlá ló di Ìyá Ṣọlá, tí ọkọ rẹ̀ di Bàbá Ṣọlá. Nítorí náà orúkọ àkọ́bí gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin kí n tó lè kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òbí rẹ̀.

Olúwa ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo ọmọ wọn, bó ṣe rí nílé onígbàgbọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú òǹkàwé á kó wọn pọ̀ mọ́ra. Mo jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ Ṣọlá, Tóyìn àti Fẹ́mi. Fún aláṣọ tó wá láti Òkènè, mo lọ bi ìyá ọlọ́jà kan tó jẹ́ Ẹbira léèrè. Oyiza ló ní kí n sọ ọ́.

Níkẹyìn, mo ka gbogbo orúkọ náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé fún ìyá mi. Bó bá ní, “Ọmọ ilé wo nìyẹn?”, mo jẹ́ kí orúkọ náà dúró bó ṣe wà. Ọ̀kan wà tó ní òun mọ olórúkọ náà dáadáa, ó sì wà láàyè. Mo pa orúkọ ìdílé yẹn dà lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi ojú ara mi wo gbogbo ibi tó ti hàn.