Bí Mo Ṣe Wá Mọ Ọ̀nà Tí Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pàá Àtijọ́ Fi Ń Dá Tẹ́míná Mọ̀

Nọ́ńbà kan ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí: NY0303000. Òun ni àwọn ọlọ́pàá ìlú New York ń jẹ́ lórí NCIC, kọ̀ǹpútà tí FBI dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1967 láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n jí, ìbọn tí wọ́n jí, àti àwọn ènìyàn tí ọlọ́pàá ń wá. ORI ni wọ́n ń pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń sọ ìpínlẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń sọ káúńtì. (Nebraska kọ́kọ́ dàrú mọ́ mi lójú: NB ni tiwọn níbẹ̀, kì í ṣe NE tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò.)

Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ béèrè nípa ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń lọ sí NCIC máa ń rí báyìí:

1N01HEADER.QV.NY0303000.LIC/ABC123.LIS/NY

QV ni pé ọkọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ORI, lẹ́yìn ORI ni nọ́ńbà ọkọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí: ẹnikẹ́ni ṣáà lè tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ̀ pé New York ni ọ̀rọ̀ náà ti wá lóòótọ́?

Mo ní kí n fi ojú ara mi rí i. Ọwọ́ mi kò lè tó ẹ̀rọ FBI, ṣùgbọ́n IBM System/360, ìyẹn mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá ayé àtijọ́), ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Hercules jẹ́ software tó ń sọ kọ̀ǹpútà ilé di mainframe. Mo gbé TK4- lé e lórí, ìyẹn MVS 3.8, ètò tó ń darí mainframe, tí Jürgen Winkelmann ti tò sílẹ̀ fún wa. Mo tẹ ./mvs, ó gbéra.

Mo ṣí x3270, software tó ń ṣe bí tẹ́míná 3270 (ojú ẹ̀rọ àti kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń bá mainframe sọ̀rọ̀), mo darí rẹ̀ sí port 3270. Ohun àkọ́kọ́ tó hàn ni 0:00C0, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé. Ojú ìwé ìwọlé tẹ̀ lé e, ó sì kọ síbẹ̀ pé orúkọ tẹ́míná mi ni CUU0C0. Mo ṣí wíńdò kejì: CUU0C1.

Mo rò pé tẹ́míná ló sọ orúkọ ara rẹ̀. Rárá o. Tẹ́míná kò sọ nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni mainframe mọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ wo àkójọ kan nínú SYS1.VTAMLST, níbi tí ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá wà ní 0C0, CUU0C0 ni kí a máa pè é. Ènìyàn ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ti àwọn tẹ́míná 3270 tó jìnnà, tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù, tún dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀rọ 3271 kan lè kó tẹ́míná 32 jọ. Mainframe á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí tíṣà tó ń pe orúkọ láàárọ̀. Ẹni tí a kò pè kò gbọ́dọ̀ dáhùn. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni 40. Mo retí 41 fún èkejì, C1 ni mo bá. Ó yé mi nígbà tí mo rántí pé C1 ni lẹ́tà A nínú EBCDIC, ọ̀nà tí IBM fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà: àmì tó ṣeé tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ṣe àdírẹ́sì.

Mo wá fi wíńdò mẹ́ta ṣe àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́ta, mo kọ tàbílì sínú ìwé: CUU0C0 ni àgọ́ kìíní, CUU0C1 ni èkejì, CUU0C2 ni ẹ̀kẹta. Iná lọ. Nígbà tí ó dé, mo tún àwọn wíńdò ṣí láì wo èyí tó ṣáájú. Àgọ́ kẹta ti gba orúkọ àgọ́ kìíní, kò sì sí ohun tó kìlọ̀ fún mi.

Àyà mi já. Lórí NCIC, ẹni tó bá rí ọkọ̀ kan nínú àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn sí àgọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́rìí sí i kí a tó mú ènìyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ìṣẹ́jú 10 ni ìdáhùn ní. Orúkọ tó bá ṣì, àgọ́ mìíràn ni wọ́n máa lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan sì wà lójú títì tó ń dúró de èsì.

Àṣìṣe yẹn ló dá mi lóhùn. Kì í ṣe ORI ni ẹ̀rí. Tẹ́míná àgọ́ kò bá NCIC sọ̀rọ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà ìpínlẹ̀ ló wà láàárín, tó mọ wáyà kọ̀ọ̀kan àti ORI tí wáyà náà lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Mo ṣe bákan náà. Dípò localhost:3270, mo kọ 0C1@localhost:3270 kí wíńdò kọ̀ọ̀kan lè máa béèrè ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Mo tún fi àdírẹ́sì IP laptop mi kejì sí ẹ̀gbẹ́ 0C2 nínú fáìlì Hercules. Láti orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, mo béèrè fún 0C2. Ó kọ̀ fún mi. Mo lọ jókòó sídìí laptop kejì, mo béèrè, CUU0C2 sì hàn.