Ẹ gba ORCID kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa ní LAUTECH àti káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwádìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ gba nọ́ńbà ORCID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, ní orcid.org. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹyọ 16 ló gùn. Ti ìgbẹ̀yìn lè jẹ́ X, kì í ṣe àṣìṣe.

Orúkọ wa gan-an ló sọ ọ́ di dandan. Adéwálé O. A. pọ̀ nílẹ̀ yìí. Obìnrin lọ sílé ọkọ, orúkọ yí padà. Jọ́nà kan kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, òmíràn kọ ọ́ gbẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà á wá pín iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹni mẹ́ta. Gbogbo bí orúkọ yín ṣe ti jáde rí, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ “Also known as” lójú ewé ORCID yín.

Ímeèlì méjì ni kí ẹ fi sílẹ̀, ti iléèwé àti ti ara yín. Bí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ tí wọ́n sì pa ímeèlì iléèwé yín, ti ara yín lẹ máa fi wọlé. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń lọ ṣí ORCID kejì, iṣẹ́ wọn á sì tún fọ́nká.

Ìgbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni kí ẹ ti so nọ́ńbà náà mọ́ ọn. Bí jọ́nà bá gbé e fún Crossref, àjọ tó ń forúkọ àpilẹ̀kọ sílẹ̀, Crossref á tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti kọ iṣẹ́ náà sí ORCID yín. Ẹ gbà fún un, iṣẹ́ á máa wọlé fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún jọ́nà kankan ńkọ́? Ẹ mú DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ) ti àpilẹ̀kọ rẹ̀ àtijọ́ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn https://doi.org/. Bí kò bá gbé yín dé ojú ewé àpilẹ̀kọ náà, ẹ di owó yín mú.