Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ẹbí Wọ Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Láti Galveston Dé Cozumel, Kí Ara Sì Tù Yín

Àwọn ará wa tó wà ní Houston ò nílò bàálù kí wọ́n tó rí òkun. Galveston ò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń gbéra lọ sí Cozumel, erékùṣù kan ní Mẹ́síkò. Bí ọmọ kékeré bá wà nínú ẹbí, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó.

1. Ẹ yẹ ìwé gbogbo èèyàn wò kí ẹ tó sanwó

Ọmọ Amẹ́ríkà lè fi ìwé ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ ìjọba wọ ọkọ̀ tó máa padà sí èbúté tó ti gbéra. Síbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù ni mo fara mọ́: bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀ ní Cozumel, bàálù lẹ máa wọ̀ darí sílé, ìwé ìbí ò sì tó fún ìyẹn. Ẹni tó ní grín káàdì, kó mú un dání pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀. Mẹ́síkò ò ní béèrè físà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ti Màmá tó wá bá yín tọ́jú ọmọ ló gba àròjinlẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàbẹ̀wò láti Nàìjíríà ní físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí tiwọn bá jẹ́ irú ẹ̀, pípadà láti Cozumel lè di ìwọlé kejì, torí náà ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó gba yàrá fún wọn.

2. Yàrá àti ẹrù

Bí èébì bá máa ń gbé yín lójú omi, ẹ gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, níbi tí mímì rẹ̀ ti kéré. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù sílé. Wọn á gbà á lẹ́nu ọ̀nà nítorí ìjàǹbá iná. Jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà náà ò ní wọlé, bó ti wù kó ta sánsán tó.

Àwọn alárùú á gba àpótí yín ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó tún fojú kàn án. Oògùn, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti pámpáàsì gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Ọmọ tó ṣì ń lo pámpáàsì ò lè wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ọkọ̀, torí náà ẹ má ṣèlérí ẹ̀ fún un.

3. Fóònù

Ẹ fi í sí flight mode kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Owó ìpè lórí òkun ò ṣeé fẹnu sọ.

4. Ọjọ́ Cozumel

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ba ìsinmi ara wọn jẹ́. Wọn á wọ ọkọ̀ mìíràn sọdá sí Playa del Carmen, ìlú kan ní òdìkejì omi, wọn á tún sáré dé Tulum lọ wo àwókù ilé àwọn Maya, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta àti bàbá àgbà? Ẹ fi sílẹ̀. San Gervasio, àwókù Maya mìíràn, wà lórí erékùṣù Cozumel gan-an, níbi tí àwọn obìnrin Maya ti máa ń wá bọ Ixchel, òrìṣà ìbímọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú ṣe. Bó bá jẹ́ etíkun, apá ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ lọ. Ìgbì apá ìlà-oòrùn le fún ọmọdé. Ẹ jẹun àárọ̀ yín nínú ọkọ̀, kí èrò àkọ́kọ́ sọ̀ tán. Takisí ò ní mítà, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì béèrè bóyá dọ́là ni tàbí pésò, torí àmì $ kan náà ni wọ́n ń kọ fún méjèèjì.

Aago wá ńkọ́? Cozumel kì í yí aago padà. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ó fi wákàtí kan ṣáájú Galveston. Àwọn ọkọ̀ kan á tẹ̀lé e, àwọn mìíràn ò ní tẹ̀lé e. Bí aago ọwọ́ yín bá ṣì wà ní ti Galveston, tí ọkọ̀ sì ti yí tiẹ̀, ẹ ti pẹ́ ní wákàtí kan láìmọ̀. Ẹ wo aago ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ yí ti ọwọ́ yín bá a mu. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́rin ni kí gbogbo èèyàn ti wọlé, ẹ ti dé èbúté láago mẹ́ta. Àwọn tó gba ìrìn-àjò ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń dúró dè.