Bí A Ṣe Ń Yan Rẹ́gúlétọ̀ Fóltéèjì: Ẹ Ṣírò Ooru Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Rà Á

Iṣẹ́ rẹ́gúlétọ̀ ni láti gba fóltéèjì tó ń lọ sókè sódò, kí ó sì máa fún ẹ̀rọ ní ìwọ̀n kan ṣoṣo tí kì í yẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀ fúnra wọn kì í wò ju nǹkan méjì lọ kí wọ́n tó rà á, ìyẹn fóltì tí yóò gbé jáde àti ámpíà tí wọ́n kọ pé ó lè gbé. Méjèèjì ṣe pàtàkì, àmọ́ ooru ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, a kò sì lè mọ bí yóò ti pọ̀ tó láìṣírò.

Ìṣirò náà kò le: fóltì × ámpíà = wáàtì. Ẹ̀rọ tó ń lo 5 fóltì, tó sì ń fa 0.5 ámpíà, ń jẹ 2.5 wáàtì. Kí ẹ tó lè mọ ámpíà yìí, ẹ fi mítà sí ojú ọ̀nà iná náà, kí iná gba inú mítà kọjá dé inú ẹ̀rọ, kí ẹ sì kọ iye tó ga jù lọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé iye tí ẹ rí nígbà tí ẹ̀rọ wà ní jẹ́jẹ́, nítorí pé mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra máa ń fa iná ju bó ti ń fà lọ nígbà tó bá ti ń yí geere.

Rẹ́gúlétọ̀ tó rọrùn jù lọ, irú 7805 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé 5 fóltì jáde, kò ní ohun mìíràn tó lè fi fóltì tó bá lé ṣe ju pé kí ó sọ ọ́ di ooru. Ká ní 12 fóltì ló ń wọlé láti inú bátìrì, tí ẹ̀rọ wa sì ń fa 0.5 ámpíà. Fóltì 7 ló lé. 7 × 0.5 sì jẹ́ 3.5 wáàtì. Èyí túmọ̀ sí pé nínú wáàtì 6 (12 × 0.5) tó kúrò nínú bátìrì, ohun tó ṣòfò pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ náà lò lọ. Bí a kò bá de alumíníọ̀mù mọ́ ẹ̀yìn 7805 kí ó lè tú ooru ká, wáàtì kan lè fi nǹkan bíi 65°C kún ooru inú rẹ̀. Ìyẹn ni pé 3.5 wáàtì yóò fi ohun tó ju 220°C kún un, bẹ́ẹ̀ 125°C ni kò yẹ kí ó kọjá. Kí ooru rẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, 7805 yóò ti dáṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Bó bá tutù, yóò tún tan, ẹ̀rọ yóò sì máa kú, yóò máa jí, títí ẹni tó ni ín yóò fi di ẹ̀bi ru bátìrì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá ń fa 0.1 ámpíà péré, ooru kò ju 0.7 wáàtì lọ, 7805 kan náà yóò sì ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà.

Lójú tèmi, bí ooru tí ẹ ṣírò bá ti kọjá wáàtì 1, ó tó àkókò láti wo oríṣi kejì tí wọ́n ń pè ní buck. Ńṣe ni èyí máa ń tan iná, tí ó sì ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kọ́ìlì inú rẹ̀ sì ń tọ́jú agbára náà. Bí ó bá ń lo 85 nínú 100 agbára tó gbà, 2.5 ÷ 0.85 fún wa ní nǹkan bíi 2.94 wáàtì, ohun tó ṣòfò kò tó ìdajì wáàtì. Iná tó ń fà láti inú bátìrì yóò sì dín kù láti 0.5 ámpíà sí nǹkan bíi 0.25, bátìrì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Àléébù rẹ̀ ni ariwo iná tó máa ń wọ inú rédíò àti ẹ̀rọ ohùn. Níbi tí ariwo bá ti léwu, ẹ lè fi buck sọ 12 fóltì di 7, kí 7805 sì parí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ooru wáàtì 1 péré.

Ẹ má sì sọ fóltì tó ń wọlé kalẹ̀ jù, nítorí pé 7805 ń fẹ́ nǹkan bíi fóltì 2 lórí 5 tó ń gbé jáde. Ibí yìí ni AMS1117, rẹ́gúlétọ̀ mìíràn tó ń gbé 3.3 fóltì jáde, ti máa ń tan àwọn tó ń lo bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo jẹ. Ó ń fẹ́ fóltì kan àti díẹ̀ lórí 3.3, bátìrì yìí kò sì kọjá 4.2 nígbà tó kún dẹ́nu. Ẹ wá rẹ́gúlétọ̀ tí kò béèrè ju 0.3 fóltì lọ lórí èyí tó ń gbé jáde.

Nípa ámpíà, ẹ fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kún iye tó ga jù lọ tí ẹ wọ̀n: bí ó bá jẹ́ 0.7, ẹ ra ti ámpíà 1. Bó bá sì jẹ́ 7805 lẹ rà, ẹ má gbàgbé kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀ kí fóltì má bàa máa mì) 0.33 µF níbi tí iná ń gbà wọlé àti 0.1 µF níbi tó ń gbà jáde, kí méjèèjì sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.