Bí Ẹ Ṣe Lè Wọn Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Nílé, Kí Nọ́ńbà Rẹ̀ Má Tàn Yín Jẹ

Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí kò tíì jẹun láàárọ̀ kò ju bíi gíráàmù 5 lọ: ṣíbí tíì kan péré. Àwo àmàlà kan ní Ọjà Ọba lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, nínú ara tó dá ṣáṣá, kò ní pẹ́ rọlẹ̀. Họ́mọ̀nù méjì ló ń ṣe é, ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ pánkíríásì, tó sùn sẹ́yìn ikùn, ló sì ń tú méjèèjì jáde. Bí ṣúgà bá gòkè, ínsúlínì á ṣílẹ̀kùn fún un wọ inú iṣan, ẹ̀dọ̀ á kó nínú rẹ̀ pamọ́. Bó bá relẹ̀ jù, glúkágọ̀n á ní kí ẹ̀dọ̀ tú ìpamọ́ náà síta. Ibi tí wọ́n bá a dé nígbà tí ẹ gún ọwọ́ ni ẹ̀rọ ìwọ̀n-ṣúgà yín ń kà.

Nítorí náà, ẹ mú àsìkò. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lẹ́yìn wákàtí 8 láìjẹun (omi lásán kò ba nǹkan jẹ́), tàbí wákàtí 2 lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ṣanwọ́. Láìjẹun, 70 sí 99 mg/dL (mílígíráàmù ṣúgà nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan) ló dáa. 100 sí 125 jẹ́ ìkìlọ̀. Bó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, torí ẹ̀rọ ilé nìkan kò tó láti pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, kò yẹ kó tó 140 lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Bí ẹ̀rọ yín bá kọ 5.5, ẹ má fòyà: mmol/L, ìwọ̀n mìíràn, ló ń lò. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, á di 99. Àwọn kan sì ń dúró de èèrà níbi tí wọ́n tọ̀ sí. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ṣúgà ti máa ń kọjá 180.

Ọwọ́ ni àṣìṣe ti ń wá jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, tó kàn fi aṣọ nu ìka, lè rí 200 lórí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 95: omi ọsàn ni ẹ̀rọ wọ̀n. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí omi ń la ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe orí rẹ̀. Bí iṣẹ́ aró bá ti mú ọwọ́ yín le, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gún un. Ẹ má fún ìka náà pa. Abẹ́rẹ́ tuntun ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni. Àrùn mẹ̀dọ̀wú ń gba ibẹ̀ ràn.

Bí tàárọ̀ bá ga ju talẹ́ lọ láìjẹ nǹkan kan, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ alẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni họ́mọ̀nù kọ́tísọ́ọ̀lù ń ru sókè, tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà síta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà.

Tó bá wálẹ̀ ju 70 lọ, họ́mọ̀nù adirẹnalíìnì ló máa kọ́kọ́ pariwo: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà tó ń lù kìkì. Ṣúgà oníhóró mẹ́rin, bíi gíráàmù 15, ni kí ẹ fún ẹni náà, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 70, ẹ tún un ṣe. Ẹni tó ti dákú ni kò yẹ kí ẹ fi nǹkan kan sí lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹ máa dé agolo strip (pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fún ẹ̀rọ) pa, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́. Oògùn ínsúlínì tí ẹ kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni, láàárín 2 sí 8°C. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ti ṣí á lo bíi ọjọ́ 28 níta bí ooru kò bá kọjá 30°C, àmọ́ ọ̀sán oṣù Kẹta ní Òṣogbo kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí kò bá sí iná, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn tí omi rin sáàárín wọn, kí ẹ fi aṣọ tí omi rin bò ó. Bí òógùn ṣe ń tu ara lára ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ di ínsúlínì sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án. Ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín: èyí tó bá ti dì rí, bó yọ́ padà, kò wúlò mọ́.