“Ó ń ṣíwájú” kò túmọ̀ sí “yóò wọlé”

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ẹ bá rí ìròyìn ìwádìí èrò ará ìlú nípa ìbò, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ síbí, ẹ kọ́kọ́ wá iye àwọn tí kò tíì pinnu. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìwádìí tí iléeṣẹ́ NOI Polls ṣe fún Anap Foundation nípa ìbò ààrẹ 2023 fún Obi ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún, Tinubu 13, Atiku 10. Òótọ́ ni pé Obi ló ṣíwájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 29 kò tíì pinnu, 23 kọ̀ láti sọ: ó ju ìdajì lọ! Ẹ sì mọ ẹni tí INEC padà kéde.

Ẹ wo iye ènìyàn tí wọ́n bi pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ 1,000, èsì olùdíje kọ̀ọ̀kan lè fi nǹkan bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sódò. Nítorí náà, 34 sí 32 kì í ṣe ìṣíwájú. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn mọ ẹni tó wà níwájú.

“Àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ pé” ńkọ́? Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe rí wọn bi. Bó bá jẹ́ ẹni tó kàn wù ló wá tẹ bọ́tìnì lórí Facebook, ẹ pa á tì jàre.