Bí mo ṣe ka owó ọjà mi fún àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Nígbà tí èsì WAEC ọmọ mi obìnrin jáde, A1 méje, B2 méjì, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó gbọ́ ní àdúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta ń sọ: "Sìkọ́láṣíìpù ti dé nìyẹn." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní Tejúoṣó, mo rò pé ọmọ tó bá ti mọ̀wé, wọ́n á sáré gbé owó fún un ni.

Tíṣà ìṣirò rẹ̀ ló là mí lójú. "Mà, àwọn tó máa bá a du àyè ní yunifásítì Amẹ́ríkà, A ni gbogbo wọn gbà." Ó ní ní Harvard, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá kọ fọ́ọ̀mù, wọn kì í mú ju bíi mẹ́rin lọ. Ó tún sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí: Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst, kò sí èyí tó ń fún ọmọ lówó nítorí pé ó mọ̀wé jù. Agbára òbí ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n máa fún un. Bí wọ́n bá ti gba ọmọ wọlé, iye tí òbí kò bá lè san, àwọn ni wọ́n máa san án, ìbáà jẹ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó mú ọmọ àjèjì, ṣùgbọ́n irú wọn kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ló ń wò ó, ọmọ tí kò lówó lè pàdánù àyè nítorí ẹ̀.

Bó ṣe ku méjì péré nínú àwọn orúkọ ńláńlá tí a máa kọ fọ́ọ̀mù sí nìyẹn. A wá fi kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké méje kún un, àwọn tó kọ ọ́ síta pé bí àwọn bá mú ọmọ àjèjì, àwọn á gbé gbogbo ohun tí òbí rẹ̀ kò lè gbé.

Ọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n mú 400,000 náírà wá, òun á bá wa ṣe ètò ìwọlé náà. Díẹ̀ ló kù kí n san án. Ọmọ ló ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án. Kò sóhun tó fẹ́ ṣe tí èmi ò lè ṣe." Òótọ́ ló sọ. EducationUSA ti ìjọba Amẹ́ríkà ń gbani nímọ̀ràn, wọ́n sì ní ètò kan nígbà náà, Opportunity Funds, tó máa ń san owó ìdánwò àti ti fọ́ọ̀mù fún ọmọ tó mọ̀wé tí òbí rẹ̀ kò ní. Ó dùn mí pé a pẹ́ kí a tó gbọ́ nípa rẹ̀.

SAT, ìdánwò tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń lò láti mú ọmọ, àti àròkọ, ọmọ ló mọ ìyẹn. 1480 ló gbà nínú 1600. Fọ́ọ̀mù owó tí wọ́n ń pè ní CSS Profile, níbi tí òbí ti ń kọ iye tó ń wọlé fún un, ni tèmi. Òṣìṣẹ́ ìjọba á mú ìwé owó oṣù jáde. Kí ni èmi fẹ́ mú jáde? Mo gba ìwé àkáǹtì mi ní báǹkì: lọ́dún kan, 14,300,000 náírà ló gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá rí i á pè mí ní olówó. Bẹ́ẹ̀ owó àwọn tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn ní Balógun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo tà á lónìí, mo san án fún wọn lọ́la. Alẹ́ mẹ́ta ni èmi àti ọmọ fi tú ìwé ọjà mi. A yọ owó aṣọ, owó ṣọ́ọ̀bù, alááàárù, ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀, àti àwìn tí wọn ò tíì san. Èrè tó kù jẹ́ 1,870,000.

Àjọ ló wá fẹ́ dà wá rú. Nínú ìwé báǹkì, 600,000 kàn wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A kọ àlàyé: àwa obìnrin méjìlá là ń dá 50,000 lóṣooṣù, ó ń kàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, owó ara mi ló padà wá bá mi. Mo ya fọ́tò káàdì àjọ mi. Ìyálọ́jà wa kọ lẹ́tà, mo sì lọ búra ní kóòtù sí iye tí mò ń pa. Ní náírà la kọ gbogbo rẹ̀, fọ́ọ̀mù náà gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní kí n dín in kù sí i. Mi ò dín in. Orúkọ ọmọ mi ló wà lókè ìwé yẹn.

Ìparí oṣù kẹta 2024 ni ìdáhùn pé. Márùn-ún kọ̀. Méjì ní kó dúró ná, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìkan gbà á, ṣùgbọ́n ó ku 21,000 dọ́là lọ́dún tí àwa máa san. Bí mo bá ta ṣọ́ọ̀bù, kò lè tó. Ìkan yòókù gbé gbogbo rẹ̀: owó ilé ìwé, yàrá, oúnjẹ, ìwé, ìtọ́jú ìlera.

Ó ku 185 dọ́là físà, 350 dọ́là SEVIS (owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà láti fi orúkọ ọmọ àjèjì tó ń lọ kàwé sílẹ̀), àti ọkọ̀ òfuurufú. Oṣù keje ni àjọ kàn mí, kò sì tó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé mi ní kí n gbé tiwọn náà, àwọn á gba ipò tèmi lọ́dún tó ń bọ̀.